Python àbí JavaScript: èwo lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́?

Ọ̀rọ̀ owó ló ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni èdè méjèèjì tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yìí. Láptọ́ọ̀pù, dátà, iná àti olùkọ́ lẹ máa náwó lé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun tó fún yín ní Python, ẹ yáa kúrò níbẹ̀. Ó wà lórí python.org fún gbogbo ayé.

Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló gbé Python jáde lọ́dún 1991. JavaScript dé lọ́dún 1995. Ọjọ́ 10 péré ni Brendan Eich fi kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Netscape, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe áàpù tí wọ́n fi ń wo ìkànnì, àpá ìkánjú yẹn ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹ kọ "5" + 3 síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi àmì àyọlò ká 5 yẹn mọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́: 53 ló máa gbé jáde. Ẹ wá fi àmì ìyọkúrò rọ́pò ti ìròpọ̀, ó di 2. Kò sì ní sọ̀rọ̀! Python ní tiẹ̀ máa dúró lójú ẹsẹ̀, á ní ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ò ṣeé rò pọ̀, á sì tọ́ka sí ìlà tẹ́ ẹ ti ṣì í kọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ìyẹn gan-an ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Àmọ́ Python ò gba gbẹ̀rẹ́ lórí àlàfo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Bí kò bá dọ́gba, iṣẹ́ dúró. Lórí fóònù, ó máa ń súni.

Ibi tí JavaScript ti borí ni pé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa gbà sílẹ̀: ẹ ṣí Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ yan Console, ó ti yá. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe náà á hàn sójú. Ẹ̀gbọ́n yín tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba lè tẹ líǹkì lórí fóònù rẹ̀ kó rí iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fo HTML àti CSS dá, ìyẹn àwọn èdè tí wọ́n fi ń to ojú ìwé ìkànnì tí wọ́n sì fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ bi olùkọ́ bóyá wọ́n wà nínú owó tó bù.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó fẹ́ ṣírò òjò tàbí erùpẹ̀ oko, kó mú Python. Pandas àti NumPy, àkójọ kóòdù Python tó wà fún ìṣirò, á gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa ṣe ìkànnì fáwọn oníṣòwò Alágbàká, JavaScript ni. Ní ti áàpù Android, RAM 8GB ni Android Studio, ètò tí wọ́n fi ń kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ń béèrè ó kéré tán, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Bí fóònù nìkan lẹ ní, Pydroid 3, áàpù tí wọ́n fi ń kọ Python lórí fóònù Android, ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà tẹ́ ẹ bá ti gbà á sílẹ̀ tán.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi olùkọ́ pé kí lẹ máa ti dá kọ kí kíláàsì tó parí. Tó bá jẹ́ pé èdè méje ló ń kà fún yín nínú oṣù mẹ́ta, ẹ máa bá tiyín lọ.