Mo lo NoduMax sí sóyà lórí ilẹ̀ mẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá NoduMax, lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń ra irúgbìn sóyà ká tó gbìn ín, tó owó tí wọ́n ń tà á, ẹ jẹ́ n sọ ojú abẹ níkòó: ọwọ́ ilẹ̀ yín ló wà.

IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ló ṣe é. Lẹ́búlẹ́bú dúdú inú ọ̀rá ni, gíráàmù 100, èyí tó tó irúgbìn kílò 10 sí 15. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Bradyrhizobium ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á wọ gbòǹgbò sóyà, wọ́n á máa fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tó jẹ́ oúnjẹ fún ewéko, fún un, òun náà á máa bọ́ wọn. Ààyè ni wọ́n o, oòrùn sì lè pa wọ́n. Ọlọ́jà kan níbí ní Ṣakí to tiẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ń ta á gbà-á-gbà-á, ó tún ní òun á gbé owó wálẹ̀ fún mi. Mo ní ẹ ṣeun. Ẹni tó ń tọ́jú u síbi tútù ni mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Abẹ́ igi ni mo ti fi omi gọ́ọ̀mù ra irúgbìn, mo da lẹ́búlẹ́bú lé e, mo yí i títí gbogbo rẹ̀ fi dú bí ìdí ìkòkò. Mo gbìn ín láàárọ̀ yẹn náà.

Ilẹ̀ oníyanrìn wa, tí kò rí sóyà rí, ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tó yọ òdòdó, mo fi ọkọ́ wa ìdí rẹ̀ (ẹ má fà á tu o, kókó ara gbòǹgbò tí bakitéríà ń gbé inú rẹ̀ á já sínú ilẹ̀). Kókó so wìtìwìtì mọ́ ìyá gbòǹgbò. Mo fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n. Pupa yẹn là ń wá. Tó bá funfun, iṣẹ́ ò lọ. Àwọn ebè tí n ò fi nǹkan kan sí, ewé wọn ti ń di yẹ́lò.

Ní ẹ̀bá odò, tí a ti ń gbin sóyà tipẹ́, n ò rí ìyàtọ̀ kankan. Bakitéríà ti wà nínú ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, TGx 1448-2E tí mo sì gbìn, irú sóyà tó ń bá bakitéríà ilẹ̀ wa rẹ́ ni.

Ilẹ̀ yangi ńkọ́? Ibi tí mo fi SSP, ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, sí nìkan ló ṣe dáadáa. Ìyókù kò dàgbà, nítorí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ò sí níbẹ̀. Ẹ má sì da yúríà, ajílẹ̀ náítírójìn, lé e: bí sóyà bá rí náítírójìn ọ̀fẹ́, kò ní so kókó mọ́.

Lọ́dún tó ń bọ̀, oko oníyanrìn nìkan ni màá rà á fún.