Jakúsí ilé wa ní Àkóbọ̀, àti bírékà tó ń tírípù

Nítorí orúnkún màmá mi ni mo ṣe ra jakúsí yìí, ọpọ́n omi gbígbóná tó ń gba èèyàn mẹ́rin. Omi rẹ̀ máa ń gbóná dé 40°C, kì í kọjá ibẹ̀. Tí Màmá bá ti jókòó sínú rẹ̀ lálẹ́, oorun wọn máa ń dùn, wọn kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú ìrora bí wọ́n bá jí. Ara rẹ̀ kò sán, ìdérí rẹ̀ nípọn, ó sì ń mú ooru dúró. Ọ̀rọ̀ iná rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́.

Nígbà tó yá, bírékà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tírípù, ìyẹn ni pé ó ń já fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù á yí, omi á máa ru gùdù, àmọ́ bí hítà bá ti fẹ́ gbé iná báyìí, pàá, gbogbo ẹ̀ á kú. Òjò la kọ́kọ́ fura sí. A ṣí àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbẹ táútáú, iyanrìn èèrà nìkan la bá níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa ní kí a yọ bírékà 32 ámpù kúrò, kí a fi 63 sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má gbà fún un. Wáyà tí wọ́n fà fún 32 kò lè gbé iná 63. Wáyà ni yóò jó, ilé á sì tẹ̀lé e.

Èyí tó ń tírípù nílé wa tilẹ̀ jẹ́ RCCB, irú bírékà tó ń ṣọ́ iná tó bá ń jò. Kì í wo bí iná ṣe pọ̀ tó. Ohun tó ń wò ni bóyá iná tó jáde lọ bá èyí tó padà wá dọ́gba. Bí 30 mílíámpù péré bá ti yà bá ibòmíràn lọ, ó ti pa á nìyẹn. Nínú omi, ara èèyàn ni iná tó yà yẹn lè gbà dé ilẹ̀.

Bàbá oníṣẹ́ iná tó bá wa yanjú rẹ̀ kò bèèrè bírékà tuntun rárá. Wọ́n ní, “Ọ̀gá mi, ẹ fi bírékà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó ń dà á láàmú.” Wọ́n pa iná pátápátá, wọ́n fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yọ wáyà hítà, ti pọ́ǹpù àti ti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Wọ́n tan RCCB, ó dúró. Wọ́n pa á, wọ́n so pọ́ǹpù padà, ó dúró. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà dúró. Nígbà tó kan hítà, ọwọ́ wọn kò tíì kúrò lára bírékà tó fi já wálẹ̀.

Wọ́n gbé mẹ́gà jáde, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó bóyá iná ń jò, wọ́n fi 500 fóólítì wọn hítà náà láti ojú wáyà sí ara irin. Ó kéré tán, ó yẹ kó fi 1 mẹ́gáómù hàn. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan hàn, ìyẹn ni pé iná ń jò. Nígbà tí wọ́n fa ẹ́límẹ́ǹtì, irin inú hítà tó ń gbóná, yọ, èépá funfun ti bò ó, omi bọ́hòòlù wa ló ṣe é. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha á. Abẹ́ rẹ̀ ti sán, ìlà kan báyìí, fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ìyẹ̀fun kan ló wà nínú ẹ́límẹ́ǹtì, òun ni kì í jẹ́ kí wáyà inú kan irin ìta. Tí omi bá ti ráyè wọ inú ìyẹ̀fun yẹn, iná á máa jò.

Ògùnpa la ti ra òmíràn: 3 kílówáàtì, 230 fóólítì. Bíi 13 ámpù ni yóò máa fà, bírékà 32 sì tó fún òun àti pọ́ǹpù dáadáa. Láti ìgbà náà, kò tírípù mọ́.

Mo ṣì fọwọ́ sí jakúsí náà, àmọ́ ẹ́límẹ́ǹtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò lè bá omi bọ́hòòlù wa gbé, ó sì yẹ kí ẹni tó ń tà á sọ ọ́. Ẹ fi fíltà tó ń dín èépá kù sẹ́nu omi. Bí ilé yín kò bá ní ẹ́ẹ̀tì gidi, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ẹ ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó jakúsí. Kẹ́ ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì ìdánwò tó wà lára RCCB lóṣooṣù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò já, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ omi náà títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.