Lọ́wà áàmù V-boot mi: ọ̀dà wọn kò láfiwé, àmọ́ ẹ máa ṣọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn

Nítorí nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹsẹ̀ iwájú Bẹ́ǹsì V-boot mi, W124, ni mo gbé lọ bá wọn. Mo ti ra sípíríǹgì kúkúrú tó le ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì onígáàsì, búṣìnì rọ́bà tuntun (èyí tó ń wà níbi tí áàmù ti so mọ́ ara mọ́tò) àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé tó wà lápá ibi tí táyà wà), ní Ládípọ̀. Ó wá ku ẹni tó máa fọ ìpẹtà kúrò lára lọ́wà áàmù méjèèjì, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ tó so táyà iwájú mọ́ ara mọ́tò, tó máa kùn wọ́n, tó sì máa dè wọ́n padà. Ṣọ́ọ̀bù kan lágbègbè Múṣín ní àwọn ń ṣe gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n. Ọ̀dà wọn kì í ṣe olómi. Lúbúlúbú ni, iná mànàmáná ló ń mú kó lẹ̀ mọ́ irin, wọ́n á wá gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ ń lọ sí 200°C, kó lè yọ́ di awọ kan ṣoṣo. Ohun tó ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ níbòmíràn ni pé ọ̀dà máa ń wọ ihò tí wọ́n ń tẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì sí. Bí kò bá wá wọlé mọ́, wọ́n á gbé fáìlì, wọ́n á máa rin ihò náà títí táá fi fẹ̀ jù. Àwọn wọ̀nyí fi ìdérí rọ́bà tí ooru ò lè yọ́ dí gbogbo ihò. Yanrìn tí wọ́n fẹ́ sí i dé kọ̀rọ̀ ibi tí sípíríǹgì ń jókòó sí, níbi tí ẹrẹ̀ àti omi máa ń há sí. Dúdú tó ń dán wẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé jáde fún mi, mo sì ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun.

Àǹtí tó ń gbowó ló kọ́kọ́ bu omi sí ayọ̀ yẹn. Iye tí a jọ fẹnu kò sí lórí WhatsApp kọ́ ni wọ́n kọ sí rísíìtì. Wọ́n ní dísù ti gbówó lórí, pé jẹnẹrétọ̀ ni àwọn fi ń tan ààrò. Mo ní, "Àǹtí, ṣé àárọ̀ yìí ni dísù gbówó lórí ni?" Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n kàn na POS sí mi.

Mo sanwó. A bọ́ sí ìdí mọ́tò.

Lára V-boot, sípíríǹgì iwájú ò sí lára ṣọ́ọ̀kì, orí áàmù gan-an ló jókòó sí. Bó bá ta, ó lè pa èèyàn. Àwọn ọmọ yẹn ní irinṣẹ́ tó ń wọ inú sípíríǹgì láti fún un pọ̀, wọn ò fi jáàkì àti àdúrà ṣe é. Ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí ọ̀kan ṣe mú sípánà gígùn, tí mọ́tò ṣì wà lókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún nọ́ọ̀tì búṣìnì pa.

Mo ní, "Àbúrò, dúró ná. Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Bá a ṣe ń ṣe é nìyí."

Ó fún ìkejì. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó wo ẹnìkejì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n ti ń wo YouTube jù." Ó fún ìkẹta. Ó fún ìkẹrin.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀: rọ́bà búṣìnì lẹ̀ mọ́ irin méjì, ọ̀kan lóde, ọ̀kan nínú, ti inú yẹn sì ni nọ́ọ̀tì ń dì mú. Rọ́bà náà kì í yí bíi bíárìn, ńṣe ló ń lọ́. Bí wọ́n bá fún un pa nígbà tí áàmù rọ̀, gbàrà tí mọ́tò bá balẹ̀ ni rọ́bà ti lọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà tọ̀sántòru, kódà bí mọ́tò bá wà níbi tí wọ́n páàkì rẹ̀ sí. Gálọ́ọ̀pù á wá máa lọ́ ọ sí i. Kì í pẹ́ ya.

Ariwo tí mo pa ló mú bàbá kan jáde láti ẹ̀yìn, tọ́nà ni wọ́n, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ọ̀tì, wọ́n wo jáàkì.

"Ta ló fún èyí pa?"

Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ò lè fèsì.

"Ẹ tú u."

Wọ́n tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá ní kí wọ́n de táyà, kí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí pákó tó nípọn kí àyè lè wà lábẹ́. Wọ́n mi iwájú mọ́tò lókè-sódò kí sípíríǹgì lè jókòó dáadáa, wọ́n wá wọ abẹ́ lọ fúnra wọn, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kí n gba ọ̀dọ̀ oníaláìnmẹ́ǹtì lọ tààrà, torí bọ́ọ̀tì kan náà yẹn ni wọ́n fi ń tún ìdúró táyà ṣe. Wọ́n ní kí n dúró tì wọ́n níbẹ̀ náà, kí wọ́n má lọ fún un pa lókè. Mo fẹ́ fún wọn lówó omi, wọ́n kọ̀.

Mo gba Ìkòròdù Road. Ìró kó-kó-kó tó máa ń dún lórí bọ́ǹpù ti lọ, mọ́tò ò sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mọ́ ní kọ́nà. Ó le o. Ìyàwó mi ti ní òun ò ní wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Èmi ò rò pé mo ti gbádùn mọ́tò yìí tó báyìí rí.

Ṣùgbọ́n sípánà ọmọ yẹn ti họ ọ̀dà áàmù apá ọ̀tún. Irú ọ̀dà yìí, bó bá ti ṣí níbì kan, omi á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ìpẹtà á sì máa rìn láìhàn síta. Mo ya fọ́tò ibẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn. Wọ́n ti kà á. Wọn ò tíì fèsì.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tó ní áàmù márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mò ń gbé e lọ, ọjọ́ tí Bàbá bá wà lẹ́nu iṣẹ́.