Ẹ ṣọ́ra fún ádápítọ̀ "12V 5A" tí wọ́n ń tà fún iná LED

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín kan àpótí gíláàsì sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó sí iná inú rẹ̀.

Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Iyùn tí wọ́n fi ń bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn jáde ní Ojúde Ọba, àti ìpèlé òfì tí wọ́n lò lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, inú àpò ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo rẹ̀ wà láti ọjọ́ yìí. Mo wá kan àpótí kan fún wọn: plywood lẹ́yìn, gíláàsì níwájú, àrán pupa nísàlẹ̀. Mo fẹ́ kí iná LED tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tó rí bíi rìbọ́ọ̀nù, yí i ká nínú kí iyùn náà lè máa dán. Mítà 3 ló gbà.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta nǹkan iná ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni mo ti rà á, pẹ̀lú ádápítọ̀ tí wọ́n kọ "12V 5A" (ìyẹn fóltì 12, áńpù 5) sí lára. Mo bi í bóyá ó lè gbé mítà 3.

"Àbúrò, mítà 5 gan-an, á gbé e. Jẹ́ kí n dán an wò lójú ẹ."

Ó mú ègé kékeré kan tó ní gílóòbù mẹ́ta péré, ó so ó mọ́ ádápítọ̀ náà. Ó tàn yòò. Mo sanwó.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn náà wà, torí ẹ̀ ni mo sì ṣe ń kọ èyí. Ohun tó ṣe lójú mi kì í ṣe àyẹ̀wò rárá. Irú iná tí mo rà, èyí tí wọ́n ń pè ní 5050, tó ní gílóòbù 60 nínú mítà kan, wáàtì 14.4 ni mítà kan rẹ̀ ń jẹ. Ègé oní-mẹ́ta yẹn ò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kò sì jẹ tó wáàtì kan. Kò sí ayédèrú tí kò lè gbé ìyẹn. Mítà 3 tèmi ń lọ sí wáàtì 43. Ẹ fi fóltì 12 pín in, ó lé ní áńpù 3 àtààbọ̀. Ọkùnrin yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ègé kékeré náà wà ní sẹpẹ́ lórí tábìlì rẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó bá béèrè.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, iná náà ń ṣe bàìbàì, ìparí rẹ̀ ló tún burú jù. Lálẹ́ kejì, òórùn ike tó ń jó ló jí mi. Ádápítọ̀ ti gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ mú un, ó sì ti dá àpá dúdú sára àrán. Ìwọ̀n ìka mẹ́rin ló kù kó dé ara òfì náà. Yàrá tó tẹ̀lé pálọ̀ tí àpótí náà wà ni màmá mi ń sùn.

Rìwáyà àdúgbò wa fi ẹ̀rọ tó ń wọn iná wọ̀n ọ́n fún mi. Nígbà tí kò so nǹkan kan mọ́ ọn, fóltì 12 ló ń gbé jáde geere. Bó ṣe so mítà 3 mọ́ ọn báyìí, ó já wálẹ̀ sí 9 àti díẹ̀. Gílóòbù funfun kan fẹ́ nǹkan bíi fóltì 3, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì so wọ́n tẹ̀lé ara wọn. 9 tán síbẹ̀, agbára kankan ò kù. Ó wá tú u. Kò sí fíúsì. Àlàfo láàárín apá tí iná NEPA ń gbà wọlé àti apá tí fóltì 12 ń gbà jáde, tó yẹ kó tó nǹkan bíi mílímítà 6, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni. Bí iná bá fò ó kọjá, fóltì 230 ló máa wà lára ohun tí ọmọdé lè nawọ́ kàn. Èyí bà mí lẹ́rù ju gbígbóná rẹ̀ lọ. Ìwà ìkà ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e padà lọ. Ó nawọ́ sí bébà ara ògiri pé àwọn kì í gba ọjà padà, ó ní NEPA ló gbé iná ńlá wá. Ẹ má jẹ́ kí bébà yẹn dẹ́rù bà yín: òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà. Ẹ gba rìsíìtì. Èmi ò gbà á, àṣìṣe mi nìyẹn.

Ó tún fẹ́ fi bátìrì 18650 (irú èyí tó rí róbótó, tó ń gba ṣájì) tí wọ́n kọ 9900mAh sí lára, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú, pàrọ̀ rẹ̀ fún mi. Irọ́ ni. Bátìrì oníwọ̀n yẹn, ojúlówó tó dára jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3,500 sí 4,000.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, gbogbo gígùn iná tí ẹ máa lò ni kí ẹ gbé dání lọ sọ́jà. Ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́ ádápítọ̀ náà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó tàn fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá kọ̀ fún yín, ẹ máa lọ. Ẹ wá èyí tó lágbára ju ìṣirò yín lọ díẹ̀, ẹ má sì gbé e sínú àpótí, ìta ni kó wà. Ojúlówó ádápítọ̀ fóltì 12 tó bá ẹ̀rọ tokunbo wá ni mo padà lò. Ti láptọ́ọ̀pù kò dára fún èyí, torí púpọ̀ nínú wọn ń gbé fóltì 19 jáde. Àpótí kékeré ò nílò wàhálà yìí: iná LED fóltì 5 lórí ojúlówó ṣájà fóònù ti tó o. Tó bá jẹ́ pawabáǹkì lẹ fi tàn án, ó lè máa kú fúnra rẹ̀ bí iná náà bá kéré jù, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́.

Bí irú ádápítọ̀ yìí bá wà nílé yín báyìí, ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá gbóná, ẹ yọ ọ́ lára iná kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.