LibreOffice Calc rèé fún ẹni tí fáìlì ẹ̀ ti wúwo jù

Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà, tó jẹ́ pé bẹ́ẹ bá ti fẹ́ yọ ìlà kúrò nínú fáìlì ńlá báyìí ṣe ni láptọ́ọ̀pù á kàn dúró gbagidi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní New Gbági, Ìbàdàn níbí, ni mo ti ń ṣe àkáǹtì, léèsì, àǹkárá, gínnì la ń tà, ọjà àná àti ọjà ọdún mélòó kan sẹ́yìn, inú fáìlì kan náà ló wà tẹ́lẹ̀, ìlà ẹ̀ sì ti lé ní 100,000. LibreOffice Calc, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò nínú ìlà àti kọ́lọ́ọ̀mù bíi Excel, la fi ń ṣe é, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ọ̀fẹ́ ni. The Document Foundation tó ń bójú tó o kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wà á jáde lórí ìkànnì wọn, kò sí pé à ń wá crack (ẹ̀dà olówó tí wọ́n jí tú) kiri tó máa kó fáírọ́ọ̀sì wọlé, kò sì nílò dátà kó tó ṣiṣẹ́. Sheet kan (ojú ewé kan nínú fáìlì) lè gba ìlà 1,048,576, láti version 7.4 tó jáde ní 2022 sì ni kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀ ti di 16,384. Ṣùgbọ́n pé ó gbà á yàtọ̀ sí pé ó máa yá nílẹ̀ o.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Téèyàn bá tẹ Delete lásán, ohun tó wà nínú cell (àpótí kékeré tí ìlà àti kọ́lọ́ọ̀mù ti pàdé) nìkan ló pa rẹ́, kíá ni. Ctrl pẹ̀lú àmì ìyọkúrò ló ń yọ cell fúnra ẹ̀, tí gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ á sún sókè, bí ìgbà tẹ́nì kan dìde lórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn tí gbogbo àwọn tó kù wá ń sún. Gbogbo fọ́múlà tó ń tọ́ka síbẹ̀ náà á yí àdírẹ́sì padà, wọ́n á tún ìṣirò ṣe. Tiwa ní kọ́lọ́ọ̀mù bálánsì tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń wo tòkè ẹ̀, ó ní fọ́múlà VLOOKUP tó ń wá iye owó, ó tún ní fọ́múlà OFFSET tó jẹ́ pé ohunkóhun téèyàn bá fọwọ́ kàn ló ń tún ara ẹ̀ ṣírò. Kò sí láptọ́ọ̀pù tíyẹn ò ní wọ̀ lọ́rùn. Kọ́sítọ́mà á dúró, Màmá á máa bi mí pé "ọmọ mi, èló ló kù lọ́rùn wọn?", ojú kọ̀ǹpútà ò sì ní mira.

Pípa AutoCalculate, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kó máa ṣírò fúnra ẹ̀, ló yanjú ẹ̀. Ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Calculate, ẹ yọ àmì tó wà níwájú AutoCalculate, kẹ́ẹ wá yọ ohun tẹ́ẹ fẹ́ yọ, tẹ́ẹ bá parí ẹ tẹ F9 kó ṣírò gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàtọ̀ ẹ̀ pọ̀ jọjọ! Ẹ dá àmì yẹn padà o, torí bẹ́ẹ bá pa á tì bẹ́ẹ̀, tótà tẹ́ẹ máa kà fún oníbàárà lè jẹ́ ti àtijọ́, ọ̀rọ̀ owó sì nìyẹn.

Ìlà tó fọ́n káàkiri ló tún nira jù. Ọjà tí wọ́n bá dá padà, a máa ń kọ "dá padà" síwájú ẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ bá fi filter (èyí tó ń fi ìlà yòókù pa mọ́) ṣà wọ́n kẹ́ẹ tó yọ wọ́n, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ló máa yọ ọ́. Èmi á kọ́kọ́ fi ẹ̀dà fáìlì pa mọ́, máa kọ nọ́ńbà 1, 2, 3 lọ sí kọ́lọ́ọ̀mù òfìfo kan, máa pa kọ́lọ́ọ̀mù bálánsì rẹ́ pátápátá, máa wá sort, ìyẹn kí n tò ó tẹ̀lé ara wọn, kí gbogbo "dá padà" wà lójú kan, máa yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, máa fi nọ́ńbà yẹn sort padà, ká tó tún fọ́múlà bálánsì kọ látòkè délẹ̀. Ẹni tí ò bá pa bálánsì rẹ́ kó tó yọ ìlà, #REF! ló máa bá níbẹ̀, ìyẹn àmì pé cell tí fọ́múlà ń tọ́ka sí ò sí mọ́.

Ẹ tún wo Format, Conditional, Manage, níbi tí òfin tó ń yí àwọ̀ cell padà wà. Àwọ̀ pupa tá a fi ń mọ onígbèsè, kọ́pì àti paste ti sọ ọ́ di òfin rẹpẹtẹ níbẹ̀, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ mo kọ ẹyọ kan.

Ohun kan tó wù mí kí wọ́n fi kún un ni kó máa sọ fún èèyàn pé fọ́múlà báyìí ló ń fa ìdúró. Ẹni tó bá sì ní macro VBA (àṣẹ tí wọ́n kọ sínú fáìlì Excel kó lè máa ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀) púpọ̀ kó dán an wò kó tó kó wá, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́. Fún iṣẹ́ tiwa, 4 nínú 5 ni mo fún un.

Ọdún tó bá ti parí, mò ń kó o lọ sí fáìlì tiẹ̀ báyìí, Paste Special tó wà nínú Edit ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́ kó lè jẹ́ iye owó nìkan láìsí fọ́múlà kankan, ọdún tá a wà nínú ẹ̀ nìkan ni mo fi fọ́múlà sílẹ̀ fún.