Adé lọ, aago kù: àyẹ̀wò aago chess DGT 3000

Ẹni tó bá gbé aago yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó chess, ọgbọ́n Bobby Fischer, àgbà ọ̀jẹ̀ chess ará Amẹ́ríkà, ló ń lò, bó mọ̀ bí kò mọ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Fischer nígbà tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ó pé 15, ó di Grandmaster, oyè tó ga jù láàárín àwọn tó ń ta chess. Ní 1971, ó na àgbà ọ̀jẹ̀ chess kan, Taimanov, ní 6–0, ó na òmíràn, Larsen, náà ní 6–0, kò sí ọ̀mì kankan níbẹ̀. Ní 1972, ó gba adé àgbáyé lọ́wọ́ Spassky ní Reykjavik. Àfi bó ṣe pa pátákó tì. Ní 1975, òun àti FIDE, àjọ chess àgbáyé, kò gbọ́ ara wọn yé lórí ìlànà ìdíje, adé bọ́ sọ́wọ́ Karpov tó yẹ kó bá a ta láìta ayò kankan. Ìgbà tó tún jáde ní 1992, Yugoslavia tí wọ́n ti fòfin dè ló ti lọ bá Spassky ta á, Amẹ́ríkà sì kọ ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú un. Aago tuntun tí wọ́n lò níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ro ó. Ó ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1989.

Ọgbọ́n náà kò le. Aago ọlọ́wọ́ ti àtijọ́ kì í fúnni ní èènì: ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ayò lè pàdánù nítorí pé àkókò rẹ̀ tán. Aago Fischer ń bu èènì lé àkókò yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ta. Ìṣẹ́jú 3 pẹ̀lú èènì ìṣẹ́jú-àáyá 2, bí ayò bá dé ìta 60, ìṣẹ́jú 5 ni. Ìṣẹ́jú 90 pẹ̀lú èènì ìṣẹ́jú-àáyá 30 á di wákàtí 2. Ẹni tó bá yára ta ju èènì lọ, àkókò rẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni.

DGT 3000 ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Bátìrì AA 2 ló ń gbé e, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá sì máa ń hàn lójú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ lẹ ti máa tàn án. Ẹ fi + àti − wá nọ́ńbà ètò tí ẹ fẹ́, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni yíyan ètò. Ètò ìdádúró (delay) wà níbẹ̀ tó jọ ti Fischer, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí àkókò yín ju iye tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ta lọ. Ẹ dán an wò: ẹ tẹ ọ̀pá orí rẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́yìn ìta lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, kíákíá. Bí àkókò bá lé sí i, Fischer ni. Ẹ má sì pariwo bí 90 pẹ̀lú 30 bá bẹ̀rẹ̀ láti 1:30:30. Èènì ìta àkọ́kọ́ ló ti wọlé yẹn.

Ohun kejì tó ń da adájọ́ láàmú ni àtúnṣe. Ká ní ẹnì kan ta ìta tí kò bófin mu nínú ayò gígùn, ìṣẹ́jú 2 ni alátakò rẹ̀ máa gbà. Ẹ dá aago dúró, ẹ tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ yẹn náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, ẹ yí nọ́ńbà tó ń ṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ sí i dé ìparí. Kí ẹ tó tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọ̀pá: bí ọwọ́ bá ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, àkókò ẹni tí ìta kò kàn ni yóò máa lọ. Ẹ má sì fi iye ìta tí aago kà ṣe ẹ̀rí, torí ìtẹ̀ ló ń kà. Ẹni tó gbàgbé tẹ̀ ẹ́ ti ba kíkà jẹ́. Ìwé tí wọ́n kọ ìta sí ni kí ẹ gbà gbọ́, èènì 30 sì ti sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù máa kọ ọ́ títí ayò á fi parí.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní iná lójú, bọ́tìnì rẹ̀ sì pọ̀ fún òpè. Ẹni tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 5 gbọọrọ láìsí èènì ló ń ta, aago tó kéré jù ú lọ tó o. Ẹni tó ń lọ ìdíje, kó ra èyí, kó sì pààrọ̀ bátìrì kí ayò tó bẹ̀rẹ̀.