Aṣàwákiri orí cloud fún ejẹ́ǹtì AI: èwo ló yẹ kí ẹ sanwó lé?

Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣàwákiri orí cloud fún ejẹ́ǹtì AI sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Èwo ló gbọ́n jù nínú wọn?" Kò sí èyí tó gbọ́n nínú wọn. Mọ́dẹ́lì AI tó ń bá ejẹ́ǹtì ronú ló ni ọgbọ́n. Aṣàwákiri yìí kò ju Chrome tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà ẹlòmíràn lọ. Ejẹ́ǹtì, ìyẹn ètò AI tó ń bá yín jíṣẹ́, ló ń darí rẹ̀ láti òkèèrè: ó ń ṣí ojú ewé, ó ń tẹ bọ́tìnì, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Nǹkan méjì ni mo máa ń wò kí n tó yọ owó: bí mítà owó ṣe ń kà nígbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, àti bóyá àkáǹtì tí ejẹ́ǹtì ti wọlé sí lónìí á ṣì wà ní ṣíṣí lọ́la.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìkànnì tí ẹ fẹ́ lò ní API, ìyẹn ọ̀nà tí kóòdù fi ń bá ìkànnì sọ̀rọ̀ tààrà láìlo aṣàwákiri. Bó bá ní in, ẹ lò ó, kí ẹ fi owó yín sápò. Kò sídìí tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ á fi máa gba ojú fèrèsé wọlé.

Mítà

Iṣẹ́ kan náà ni mo fi dán gbogbo wọn wò: kí ejẹ́ǹtì wọ àkáǹtì oníbàárà kan, kó wá ojú ewé ìnfọ́ìsì, kó gba ti oṣù tó kọjá sílẹ̀, kó sì yí orúkọ fáìlì náà padà. Ìgbésẹ̀ 22 ló gbà. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ejẹ́ǹtì á ka ojú ewé, á fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí mọ́dẹ́lì, mọ́dẹ́lì á ronú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 7, á wá ní kó tẹ bọ́tìnì báyìí. Títẹ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ. Ẹ ṣírò ó: 22 lọ́nà 8 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 176, ó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 3. Nínú gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 22 péré ni aṣàwákiri fi ṣiṣẹ́. Ìyókù, ńṣe ló dúró tó ń wojú mọ́dẹ́lì, mítà sì ń kà lọ ràì.

Ibí yìí ni àwọn olùtajà ti yàtọ̀ síra jù lọ, tí ojú ewé ìpolówó wọn kì í sì í sọ. Browserbase ń ka wákàtí tí aṣàwákiri fi wà ní ṣíṣí. Browserless ń ka yúnìtì, ìṣẹ́jú àáyá 30 sì ni yúnìtì kọ̀ọ̀kan. Aṣàwákiri tó wà nínú Amazon Bedrock AgentCore gba ọ̀nà míì: CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó ṣiṣẹ́ ní ti gidi àti mẹ́mórì tó gbà ló ń ṣírò, nítorí náà àkókò tí mọ́dẹ́lì fi ń ronú kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ owó CPU, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti mẹ́mórì kò dúró. Bí mọ́dẹ́lì yín bá lọ́ra, ìyàtọ̀ yìí tóbi. Bó bá yá, tàbí bí kóòdù tí ẹ ti kọ sílẹ̀ bá ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà láìbi mọ́dẹ́lì léèrè, kò fi bẹ́ẹ̀ jọ nǹkan kan.

| Ọ̀nà | Bí owó ṣe ń lọ | Ohun tó dára fún | Ibi tó ti ń dunni |
|---|---|---|---|
| Playwright (ètò tó ń darí aṣàwákiri) nínú Docker (àpótí tí ètò ti ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà) tiyín | owó sáfà nìkan | iṣẹ́ tí kò gba wíwọlé | ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa jí lóru bó bá kú |
| Browserbase | wákàtí aṣàwákiri | iṣẹ́ tó nílò kí àkáǹtì wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ púpọ̀ | ìdúró náà lówó |
| Aṣàwákiri ti Cloudflare | wákàtí aṣàwákiri | iṣẹ́ kúkúrú: yíya àwòrán ojú ewé, ṣíṣe PDF | kò ní sùúrù |
| AgentCore | CPU àti mẹ́mórì tí ẹ lò | ejẹ́ǹtì tó ń ronú pẹ́ | ètò àṣẹ AWS (cloud ti Amazon) |

Mo ní Cloudflare kò ní sùúrù nítorí pé bí ìṣẹ́jú àáyá 60 bá kọjá láìsí àṣẹ kankan, ó máa ti aṣàwákiri náà pa. Ẹ lè fi `keep_alive` sún un dé ìṣẹ́jú 10, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. AgentCore ń fún yín ní ìṣẹ́jú 15 bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, ẹ sì lè ná an dé wákàtí 8.

Wíwọlé

Níbí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Kí ejẹ́ǹtì wọlé lẹ́ẹ̀kan kò le. Kó má baà tún máa wọlé láràárọ̀ ni wàhálà, torí ìkànnì tó bá rí i pé ẹnì kan ń tẹ pásíwọọ̀dù lójoojúmọ́ láti orí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ rí máa fura, kò sì burú bó bá fura.

Ohun tí ẹ máa wá ni ibi tí kúkì, àmì tí ìkànnì fi ń rántí ẹni tó ti wọlé, ń gbé lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti aṣàwákiri pa. Context ni Browserbase ń pè é, profile ni àwọn míì ń pè é. Ẹ ka àlàyé rẹ̀ dáadáa. Olùtajà kan tí mo lò, ìgbà tí sẹ́ṣọ̀n bá parí wọ́ọ́rọ́wọ́ nìkan ló ń fi kúkì pamọ́. Kóòdù tèmi sì rèé, bó bá ti gba fáìlì tán, ńṣe ló ń já okùn lójijì. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ejẹ́ǹtì mi fi ń wọlé bí àlejò, tí ó sì ń gba IP (àdírẹ́sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ọ̀tọ̀ lójoojúmọ́ láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìkànnì náà ti àkáǹtì oníbàárà mi pa. Èmi ni mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀.

Látìgbà náà, mi ò sanwó fún ẹni tí kò lè fún mi ní IP kan tó dúró sójú kan. Mo sì tún ń wá ojú fèrèsé tí ènìyàn fi ń wo aṣàwákiri bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí ó sì lè gbà á lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì fúngbà díẹ̀. Bí ìkànnì bá fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù, èmi ni màá tẹ̀ ẹ́, ejẹ́ǹtì á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Browserbase ní irú rẹ̀, AgentCore náà ní in.

Ní ti CAPTCHA, ìdánwò tí ìkànnì fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn ni ẹ, ẹni tó bá ṣèlérí pé òun á máa tú gbogbo rẹ̀, ẹ fi ojú méjì wò ó. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni Web Bot Auth: aṣàwákiri á buwọ́ lu ìbéèrè rẹ̀, ìkànnì á mọ ẹni tó ń bọ̀, á sì pinnu fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín

Kò le tó bí àwọn olùtajà ṣe ń sọ, kò sì rọrùn tó bí àwọn fídíò ṣe ń fi hàn. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe yín ni pé Chrome á máa kú láìsọ ìdí. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, Docker kì í fún `/dev/shm`, mẹ́mórì tí Chrome ń lò, ju 64 MB lọ, ojú ewé tó wúwo díẹ̀ á sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ fi `--ipc=host` kún àṣẹ yín, ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti mẹ́mórì: aṣàwákiri mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe eré. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òdo lè gbé steel-browser, tí Steel tú kóòdù rẹ̀ síta, sórí sáfà rẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ káàdì

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fún yín ní àdírẹ́sì CDP, ìyẹn ọ̀nà tí kóòdù yín fi ń darí Chrome láti òkèèrè. Bí wọ́n bá ń fún yín, Playwright tí Microsoft gbé jáde ní 2020 tàbí Puppeteer ti Google tó ti wà láti 2017 lè so mọ́ ọn, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ kó kúrò, ìlà kan ṣoṣo lẹ máa yí padà nínú kóòdù yín, níbi `connectOverCDP` ti Playwright tàbí `connect` ti Puppeteer. Ẹni tí kò fún yín ní nǹkan kan ju àpótí tí ẹ máa kọ "lọ bá mi ra nǹkan" sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ yín máa há sí nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ.

Ẹ tún wò ó bóyá ẹ lè kọ orúkọ ìkànnì tí ejẹ́ǹtì lè dé sílẹ̀, kó má lè lọ síbòmíràn. Ojú ewé lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ejẹ́ǹtì pé kó gbàgbé iṣẹ́ tí ẹ rán an, kó lọ ṣe òmíràn, ejẹ́ǹtì tó sì ti wọ àkáǹtì yín lè gbọ́ràn.

Èmi o, iṣẹ́ ìnfọ́ìsì wà lórí Browserbase, pẹ̀lú IP kan ṣoṣo. Iye owó ọjà tí mo ń yẹ̀ wò láràárọ̀, tí kò gba wíwọlé, wà nínú Docker lórí sáfà mi. Mo ń dán AgentCore wò lọ́wọ́ fún iṣẹ́ kan tí mọ́dẹ́lì ti ń ronú fún ìdajì ìṣẹ́jú kó tó tẹ bọ́tìnì kan.